Alága Jẹ Ata, Alága Jẹ Ọjọ́ Ìbí

Bí ènìyàn bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lálẹ́ Sátidé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, n kò mọ ilé oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́ ju ti àwọn ará Táílándì lọ. Wọn kì í jẹ àdájẹ: àárín tábìlì ni wọ́n máa ń kó gbogbo àwo sí, tí kálukú yóò sì máa bu díẹ̀ díẹ̀ lé ìrẹsì tirẹ̀ lórí. Èyí tí a lọ ní ọjọ́ ìbí Ìyá Ìbejì tún ní ẹ̀rọ karaoke, iná aláràbarà àti àwọn agbóúnjẹ tí ń jó bí wọ́n ti ń gbé àwo kọjá. Alága ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé Ìbàdàn ni a bí òun sí, ni ó gba ìjókòó àgbà.

Ó kọ́kọ́ béèrè igi méjì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun. Ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ fún wa rọra ṣàlàyé pé ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ni àwọn fi ń jẹ ìrẹsì. Alága ní òun mọ̀, òun kàn ń dán an wò ni.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró odó láti ilé ìdáná. A ṣe bí iyán ni, àṣé som tam ni wọ́n ń gún: ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n rẹ́ tín-ín-rín, pẹ̀lú aáyù, ẹ̀pà, ọsàn wẹ́wẹ́, omi ẹja oníyọ̀ àti ata. Ọmọbìnrin náà béèrè iye ata tí a fẹ́, ó ní méjì tó fún ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí. Alága wò ó bí ẹni tí wọ́n bú lójú àna.

“Ọmọ mi, ata rodo ni ìyá mi fi já mi lẹ́nu ọmú. Fi mẹ́wàá sí i.”

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é ní pẹ̀lẹ́,” ni Ìyá Ìbejì wí.

Alága kò kúkú parọ́. Lórí ìwọ̀n Scoville tí wọ́n fi ń mọ bí ata ti ń ta tó, ata rodo a máa wà láàárín 100,000 sí 350,000, nígbà tí ata wẹ́wẹ́ Táílándì kì í sábà kọjá 100,000. Ṣùgbọ́n àwa a máa lọ tiwa pọ̀ mọ́ tàtàṣé àti tòmátì, a ó sì dín in nínú epo kí ó tó dé ẹnu wa. Ti som tam, tútù ni wọ́n ń gún un, kò rí iná, kò rí epo.

Alága bu ṣíbí kìíní, ó mi orí. Ó bu ìkejì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìkẹta, òógùn bò ó láti àtàrí, omi ń dà lójú rẹ̀, ètè rẹ̀ sì wú. Ó mu omi tirẹ̀, ó mu tèmi, ó mu ti ọkùnrin kan ní tábìlì kejì tí kò bá wa wá. Ohun tí ń mú ata ta kì í yòrò nínú omi, nítorí náà ńṣe ni ó ń fi omi pín in káàkiri ẹnu. A béèrè bóyá ó ń ta á. Ó ní rárá, pé orin karaoke ni ó rán òun létí ìyá òun.

Àfi bí iná ṣe kú lójijì, tí àwọn agbóúnjẹ jó wọlé pẹ̀lú áìsìkiríìmù alágbọn tí àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ọlọ́jọ́ ìbí wà ní tábìlì wa. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tí ń sunkún pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, wọ́n sì gbà pé ayọ̀ ni. Wọ́n fi adé ìwé dé e, gbogbo ilé kọrin fún un. Alága kò jiyàn. Kí orin tó parí, ó ti fa àbẹ́là yọ, ó sì ti fá àwo náà mọ́, nítorí wàrà àti ọ̀rá inú rẹ̀ ni ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ata.

Ìyá Ìbejì, tí ó ti tún gèlè rẹ̀ ṣe nítorí fọ́tò, ni a bá ki àbẹ́là bọ inú ìrẹsì tí ń lẹ̀ mọ́wọ́ fún. Ó fẹ́ ẹ pa láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé owó dé, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Alága, ó sì tún adé orí rẹ̀ tò dáadáa.

“Alága, ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ẹ sanwó.”