Ọjọ́ tí Màámi Bá Mi Tún Iwájú Ilé Ṣe

Gbogbo ayé bàbá mi ló fi bá koríko jà. Ká tó lọ síléèwé láàárọ̀, a gbọ́dọ̀ ti ro ẹ̀yìnkùlé, ká sì gbá a títí ojú ọwọ̀ yóò fi hàn lórí ilẹ̀. Ilé tí koríko bá hù síwájú ẹ̀, wọ́n á ní onílé ti kú ni, àbí ó sá fún gbèsè. Èmi ọmọ bàbá yìí kan náà ni mo wá kówó sílẹ̀ n'Ìbàdàn pé kí wọ́n bá mi gbin koríko.

IITA, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ló kó bá mi. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi wọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí koríko ibẹ̀ gbọ́n jù mí lọ. Ó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mi bàjẹ́ látọjọ́ náà.

Oṣù Kọkànlá ni mo kọ́kọ́ gbìn ín. Ẹ má bi mí léèrè. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n hú jáde nínú ihò sóòkàwéè ni mo gbìn ín lé, èyí tó jẹ́ pé bí oòrùn bá pa á tán, ọkọ́ á máa dún kọ̀ọ̀ lórí ẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìṣáná kan péré ni koríko mi kù kó fi di ìtàn.

Bàbá olódòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló wá là mí lóye. "Ọ̀gá, ẹ dúró dòjò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bàhámà, oòrùn ló fẹ́, ó sì ń fara da ọ̀dá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbìn ín sábẹ́ máńgòrò yín yẹn, á kàn máa wò yín ni. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì ni kẹ́ ẹ gbìn. Ó lè gbé ibòji, ṣùgbọ́n ó ń mumi bí ọ̀mùtí."

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, mo da ilẹ̀ dúdú tírípù méjì. A gbìn ín ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bàbá ní ìgbẹ́ màálù tí mo rà gbọ́dọ̀ jẹrà dáadáa ká tó dà á sí i. Èmi ò ní sùúrù, mo dà á sí i bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo èso tẹ̀tẹ̀ tí màálù ti jẹ fi hù jáde láàárín koríko mi, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo ní màá fà á tu ní Sátidé.

Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó kí Sátidé tó dé. Àsìkò yẹn náà ni Màámi wá láti Ìṣẹ́yìn wá wo àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí lórí fóònù: "Àkànní, fọkàn balẹ̀ o. Mo ti bá ọ tún iwájú ilé ṣe." Mo dúpẹ́. Mo tiẹ̀ ṣàdúà fún wọn.

Mo ṣí géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ lásán. Ojú ọwọ̀ hàn lórí ẹ̀, ó lọ kọrọbọ bí irun dídì. Koríko mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, wọ́n kó o jọ gègèrè. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ló dúró láàárín ilẹ̀ náà, wọ́n ti já èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì ti wa ilẹ̀ sí i nídìí.

"Màámi, koríko dà?"

"Mo ti ro ó dànù! Ó ti fẹ́ẹ̀ pa ẹ̀fọ́ yẹn. Ṣé ejò lẹ fẹ́ máa sìn ni?"

"Màámi, mo rà á ni."

"O ra kí ni?"

"Koríko náà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ìyàwó mi, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ló wà nígbà tí ọkọ́ ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi sáré wọ kíṣìnnì, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ lábẹ́ ìró ìkòkò.

"Eélòó?"

Mo dá iye ẹ̀ sí méjì, mo pe ìdajì. Wọ́n wá ìjókòó.

Àmàlà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti pinnu pé mi ò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bù ú.

Mo pe Bàbá olódòdó. Ó ní tí ẹ̀ka ẹ̀ ò bá tíì gbẹ, kí n tètè tún un rì mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, á padà sọjí. Òjò winniwinni ń rọ̀ lóru náà. Nígbà tó di aago méjì, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ilé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, mo fẹnu há tọ́ọ̀ṣì, mo ń gbin koríko.

Mi ò rántí pé Màámi máa ń dìde kírun òru. Mo gbọ́ tí fèrèsé ṣí díẹ̀. Wọn ò pè mí. Ohùn wọn ni mo gbọ́ nínú ilé, jẹ́jẹ́:

"Ìyàwó, dìde. Má pariwo. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"