Ọdún 2025 lójú tèmi: ìgbéyàwó, Bali, àti ọjọ́ tí gbogbo ìlú panu mọ́

Ọdún ti ń rẹ̀ dànù, kálukú sì ti ń ka ohun tó rí gbà nínú rẹ̀ àti ohun tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tèmi ò ní pọ̀. Ọdún yìí ni mo wọlé ọkọ. Ìnáwó náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀: ariwo, aṣọ, fọ́tò, ó ti lọ. Họ́nímúùnù tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ, torí òun la ṣì ń jẹ èrè rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bali la lọ, ní Indonesia. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Híńdù ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Bali ń ṣe. A ò tíì gbé àpótí sílẹ̀ dáadáa nígbà tí òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì na ìwé kan sí wa pé láti aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta títí di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ wa kò gbọdọ̀ kan títì. Nyepi ni, ọdún tuntun tiwọn. Ọdún 1947 ni wọ́n ń bọ́ sí nínú kàlẹ́ńdà Saka. Nǹkan mẹ́rin ni èèwọ̀ lọ́jọ́ náà: iná, iṣẹ́, ìrìn àti fàájì. Pápákọ̀ òfurufú á tì, èbúté á tì, wọ́n á sì pa dátà fóònù, bí wọ́n ti ń ṣe láti 2018.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Irú ọdún tuntun wo ni wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe?”

Àṣé ariwo náà ti ṣáájú. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbé ère ràgàjì jáde, ogoh-ogoh ni wọ́n ń pè é: ojú rẹ̀ yọ síta, ehín rẹ̀ gùn, ó jókòó lórí àkàbà ọparun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbé lé èjìká. Bí wọ́n bá dé oríta, wọ́n á máa yí i po tìlù tìlù kí ojú àwọn ẹ̀mí burúkú lè dàrú. Púpọ̀ nínú àwọn ère náà ni wọ́n ń dáná sun lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ìdí tí ìlú fi ń dákẹ́ lọ́jọ́ kejì ni pé bí àwọn ẹ̀mí náà bá ń kọjá lójú òfurufú, kí wọ́n rò pé kò sẹ́nikẹ́ni ní erékùṣù náà, kí wọ́n bá tiwọn lọ.

Ìdajì àkọ́kọ́ ọjọ́ náà kò rọrùn. Ọkọ mi ń gbé fóònù, ó ń gbé e sílẹ̀, ó tún ń gbé e. A gbọ́ ohùn àkùkọ láti ibi tó jìnnà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú nìkan ló ń rìn níta, wọ́n ró aṣọ oníbátànì dúdú àti funfun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tán yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, òṣùpá kò sì sí, torí ìgbà tí òṣùpá bá wọ̀ tán ni Nyepi máa ń bọ́ sí. Mi ò rí ojú ọkọ mi. Ó ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí òun ń ṣe mọ́, pé ó ti pẹ́ tí òun kò ti fẹ́ ẹ, pé ẹ̀rù ohun tí àwọn ẹbí mi máa sọ ló ń ba òun kí a tó ṣègbéyàwó. Ó dá mi lójú pé bí iná bá wà, kò ní sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí la tó jáde wo ìlú. Ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Lempuyang tí ẹ ń rí lórí Instagram, tó dà bíi pé adágún wà níwájú rẹ̀: kò sí omi kankan níbẹ̀. Dígí ni ẹni tó ń ya fọ́tò ń gbé sábẹ́ fóònù. Ìlà ibẹ̀ gùn, oòrùn mú. Bí ọjọ́ yín ní Bali kò bá pọ̀, ẹ má fi ṣòfò síbẹ̀.

Ohun tó tọ́ sí wíwò wà nílẹ̀ níwájú ilé gbogbo láràárọ̀. Mo dúró wo obìnrin kan tó ń gbé canang sari kalẹ̀: àwo kékeré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, òdòdó wà nínú rẹ̀, tùràrí ń rú èéfín lórí rẹ̀. Ó wọ́n omi sí i, ó fi òdòdó sáàárín ìka, ó sì fi ọwọ́ fẹ́ èéfín náà sókè jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọ̀la ó tún ṣe é.

Ẹ̀kọ́ tí mo lò jù lọ́dún yìí, inú oko ìrẹsì Jatiluwih la ti kọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń pín omi kan náà ló ń jọ wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní subak, ètò tó ti wà láti bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, tí UNESCO sì kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2012. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú wa rìn pé kí ló dé tí ẹni tó wà lókè odò kò fi gba omi tán. Ó ní, “Kòkòrò.” Bí ẹni ìsàlẹ̀ kò bá rómi gbìn lásìkò kan náà, oko kan á máa gbó bí òmíràn ti ń hù, kòkòrò àti eku á sì máa ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Bí gbogbo wọn bá jọ gbìn, tí wọ́n jọ kórè, tí wọ́n sì jọ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ebi á lé kòkòrò lọ. Kì í ṣe àánú ni ẹni òkè ń ṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọkọ mi fiṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Owó oṣù tèmi nìkan ló kù. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ó ń wojú mi kó tó lè sọ pé epo ọkọ̀ ti tán, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ lo wà lókè odò báyìí o.” Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ìpín rẹ̀ ń wọ àkáǹtì rẹ̀, kò ní í tọrọ, èmi náà kì í béèrè ohun tó fi ṣe. Ó ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Owó ń fún wa lọ́rùn, mi ò ní purọ́. A ti dá rírà àga pálọ̀ dúró.

Nyepi tó ń bọ̀, 19 oṣù Kẹta 2026 ló bọ́ sí. Agbára Bali kò sí lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi: fóònù méjèèjì á wà ní pípa, iná á wà ní pípa. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ máa ń pè ní kùtùkùtù, ẹ má dààmú, a ò kú. Ẹ pè wá ní ogúnjọ́.