Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ tún bá mi kí Ìyá Ìbéjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi yin Olúwa o! Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n jẹ́ ẹ̀rí yìí, ojú ló ń tì mí, torí tí mo bá máa sọ ọ́ délẹ̀, màá sọ ìwà tí èmi náà hù mọ́ ọn.

Oṣù kejì 2023 ni, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ ò ná mọ́, tuntun náà ò sí níbì kankan. Àárín ìyẹn ni ọkọ̀ tí ọkọ mi wọ̀ bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lọ gbókìtì, itan wọn kán. Orí ló yọ wọ́n. Ọsibítù sọ pé ìta la ti máa ra ẹ̀jẹ̀ àti oògùn, káàṣì làwọn tó ń tà á sì ń gbà. Owó wà ní bánkì o! Èmi tí mò ń ta aṣọ lọ́jà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde, owó ọjà mi wà nínú fóònù, mò ń wò ó, kò ṣe é ná. Tí mo bá ṣe tiránsífà, wọ́n á yọ owó lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ò ní rí nǹkan kan. POS ní tí mo bá fẹ́ ₦10,000 àwọn á yọ ₦3,000, ìyẹn gan-an tán kó tó kàn mí. Àwọn tá a jọ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí Ojúde Ọba, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń sunkún tiẹ̀.

Ìyá Ìbéjì ló ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá se ìkọ́kọrẹ́ ẹ ò ní mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, tiwọn dùn ju tèmi lọ. Ẹ rí i pé "wọ́n" ni mò ń pè wọ́n báyìí? Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ "ìwọ" sí wọn, wọ́n sì tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà, torí pé èmi ni mò ń san owó oṣù. Ife tí wọ́n fi ń mumi gan-an, ọ̀tọ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n kàn yọ sí mi ní ọsibítù, mi ò ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n tú etí ìró, wọ́n fa náílọ́ọ̀nù kan jáde, ₦50 àti ₦100 ló kún inú ẹ̀. Gààrí ni wọ́n máa ń tà lópin ọ̀sẹ̀, owó kéékèèké làwọn oníbàárà fi ń rà á, ìyẹn nìjọba ò sì pààrọ̀. ₦64,350. Orí bẹ́ńṣì la ti kà á, nọ́ọ̀sì kan bá wa kà. Mo ní "Ìyá Ìbéjì, níbo lo..." Wọ́n ní "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká lọ ra ẹ̀jẹ̀ ná." Ibẹ̀ ni "ìwọ" ti há mọ́ mi lọ́fun.

Ìgbà tí wọ́n wá yọ sọ́bsídì epo níparí oṣù karùn-ún, ọkọ mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọjà ò tà, oṣù mẹ́rin mi ò rí owó san fún wọn. Mo ní kí wọ́n wáṣẹ́ síbòmíì, wọ́n ní ta ló máa wá máa bá bàbá yí ẹ̀gbẹ́ padà? Owó ọ̀kadà ti lé sí i, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá láti Mọlípa. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì o, ẹnu wọn mú, à ń jà lórí iyọ̀ títí dòní.

Lónìí ọkọ mi ti ju igi ìtìlẹ̀ nù! Mo dá owó gààrí padà, mo san owó oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, inú mi dùn pé wọ́n kà á. Èyí tí mo fi lé e, wọn ò gbà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ kan náà la jọ máa wọ̀, tiwọn ti délé láti ọ̀dọ̀ télọ̀. Wọ́n kàn bi mí pé táwọn náà bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa se ìkọ́kọrẹ́? Mo ní èmi ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ń bọ̀ o."