Ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó sùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Kì í wojú ènìyàn. Lánàá, níbí ní Kubwa, iná ti lọ, mo bá fi fídíò Kaspar hàn án lórí fóònù. Rọ́bọ́ọ̀tì tí Yunifásítì Hertfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tó ọmọ kékeré, ojú rẹ̀ kì í yí padà lójijì bíi tiwa. Ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ló máa sọ ọ́ nígbà 20, kò ní bínú. Bí ọmọ bá gbá a, á ní ó dun òun. Bó bá rọra fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà wò ó, ó tún wò ó, títí bátìrì fi kú.

Lálẹ́, mo nà sórí ẹní. Ó wá, ó rọra fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó sì gbójú sókè. Ojú mi ló ń wò! Ó ń dúró de ẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ sá wọ kíṣìnnì lọ sunkún, obìnrin tí wọ́n ti sọ fún títí pé kó gbé ọmọ lọ sórí òkè.

Rọ́bọ́ọ̀tì kì í wo autism sàn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún òbí, irọ́ ló ń pa.

Láàárọ̀ yìí, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, “Ẹsẹ̀.”