Síkírù mẹ́rin ló da ọbẹ̀ wa nù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ọrùn ọwọ́ òsì mi ò tíì jẹ́ kí n lè fún aṣọ. Mo ní kí n kọ ọ́ nígbà tó ṣì ń dùn mí, torí tó bá fi lè san tán, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù gbé oúnjẹ lọ sóde àríyá bíi tiwa, tí ẹ sì ti ra fíríìjì tó ń lo iná ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ mọ bí Houston ṣe ń rí láti oṣù kẹfà lọ. Ìyá Ìbejì á se ọbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, a ó gbé e lọ ní Sátidé. Àwọn elétò oúnjẹ ní Amẹ́ríkà níbí sọ pé oúnjẹ tó yẹ kó tutù kò gbọdọ̀ ju 40 lọ lórí ìwọ̀n Fahrenheit, pé bí ooru ìta bá ti kọjá 90, wákàtí kan péré ló lè lò níta kó tó di ohun dídànù. Níbo la ti fẹ́ rí ọjọ́ tí kò kọjá 90 nínú ẹ̀ẹ̀rùn tiwa? Kúlà oníyìnyín ò gbé e mọ́. Ìdí tá a fi ra fíríìjì oní 60 lítà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, àfi kí Ìyá Ìbejì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìró àti bùbá kó tó lè mú abọ́ kan. Mo wá ra slide, irin tí fíríìjì máa ń jókòó lé, tí wàá fà jáde bíi dúrọ́ọ̀ títí á fi bá ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Tacoma ni ọkọ̀ wa. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe irin. Láti 2005 ni Toyota ti ń fi ike líle tó ní fáíbà nínú ṣe é, ó sì ní ògbún-ògbún, kò tẹ́jú. Mo gé pílíwúùdù lé e, mo há a mọ́ àárín ibi táyà méjèèjì, mo fi okùn dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo wá fi síkírù igi mẹ́rin kan slide mọ́ pílíwúùdù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ahun ni mo ṣe, kì í ṣe ahun. Ẹ̀rù ló bà mí láti lu ihò sára ọkọ̀ tí a ṣì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí slide náà pé ó lè gbé 200 pọ́n-ùn. Fíríìjì wa pẹ̀lú ọbẹ̀ kún inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí 120 lọ. Mo fọwọ́ mì í, kò mì. Ọkàn mi balẹ̀.

Oṣù méjì ló fi ṣiṣẹ́, tí Ìyá Ìbejì ń yìn mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé yẹn, ìkómọ la lọ ṣe ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Iwájú ilé wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí títì, mo sì kọ orí ọkọ̀ sí ilé, ẹ̀yìn ọkọ̀ wá kọjú sí ìsàlẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Táíwò ti dúró síbẹ̀, ó na abọ́ ńlá lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń dúró de kúlà mọ́ínmọ́ín. Mo tú irin tó há slide mọ́ inú kó má bàa jáde. N kò tíì fà á tó fi sáré jáde fúnra rẹ̀, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó sì lọ fi gbàù kọ́ òpin irin. Mo gbọ́ ọ láti inú lọ́hùn-ún: tá! Ó tún ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: tá! Ìdí slide gbéra sókè, fíríìjì doríkodò bọ̀.

N kò rántí pé mo ronú ohunkóhun. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti Táíwò, ó ṣubú sórí koríko pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì mi ló lọ gba fíríìjì, bí ẹni pé ọwọ́ kan lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó ká ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó gbé e lọ́wọ́ dání balẹ̀ lórí kọnkéré. Ọmọrí ṣí. Ọbẹ̀ ata, ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí Ìyá Ìbejì fi odidi òru sè. Epo pupa náà ò yára, ó ń rọra ṣàn lọ sí títì bí omi òjò, ẹyọ pọ̀ǹmọ́ kan sì yí gbirigbiri lọ dúró sídìí táyà ọkọ̀ àlejò kan. Àwọn tó wọ aṣọ ẹbí ti ń jáde wá. Mo gbọ́ tí màmá àgbà kan ń ké pé, “Ẹ̀jẹ̀ ni! Ẹ̀jẹ̀ ni!”, tí ẹlòmíì sì ń sọ fún un pé, “Epo ni, Mọ̀mí, epo ni.”

Ìyá Ìbejì ò wo ọbẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ sórí koríko, ó bọ́ bàtà Táíwò, ó ń tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi í pé, “Èyí ńkọ́? Èyí ńkọ́?” Kẹ́hìndé tí nǹkan kan ò ṣe ló ń sunkún. Nígbà tó tẹ ìka kẹwàá tán ló tó gbójú sókè wò mí. “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ní ẹ ti dè é mọ́lẹ̀ ni?”

Títí di òní, n ò tíì rí èsì fún un.

A san owó wọn padà, a lọ ra ìrẹsì lóde kí ìkómọ má bàa dàrú. Nílé, mo tan iná sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Síkírù méjì tó wà lápá inú ti fà tu. Igi tútù lẹ̀ mọ́ ara wọn bí èèrí ògì. Omi òjò ti ń gba etí ọmọrí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé, pílíwúùdù ti mu omi, jìgìjìgì ọ̀nà sì ti ń fẹ ihò yẹn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ mì í tí kò mì, síkírù tuntun nínú igi gbígbẹ ni mo mì.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Síkírù igi ò gbọdọ̀ sún mọ́ slide fíríìjì. Bóòtì ni. Bóòtì tó gba pílíwúùdù kọjá, tó gba ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, tó ní irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì lábẹ́.

Ẹ rántí bẹ́ǹṣì ilé ìwé wa. Ẹni méjì jókòó sípẹ̀kun ọ̀tún, ẹni tó wà lósì dìde lójijì, bẹ́ǹṣì ta sókè, àwọn tó kù bá ara wọn nílẹ̀. Bí slide ṣe rí nìyẹn. Tó bá wà nínú, ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kódà láìsí síkírù ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Tí o bá fà á jáde, fíríìjì ti bọ́ sípẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ìdí tó wà nínú lọ́hùn-ún ló fẹ́ dìde. Bóòtì méjì tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ ló ń mú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni gbogbo wa máa ń yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ lọ́wọ́ tó. Ọ̀hún ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ 200 pọ́n-ùn yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin slide ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ti síkírù tí èmi fúnra mi lọ rà.

Tí ẹ bá máa lu ihò, ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò. Táǹkì epo wà níbẹ̀, páìpù bíréèkì wà níbẹ̀, wáyà iná ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu dírílì níbi tí ẹ fẹ́ kó dé, kó má kọjá rẹ̀. Fún irú Tacoma tiwa, ẹ má fi wásà kékeré sí i, ike ni, bóòtì lè rì wọ inú rẹ̀ tí ẹ bá ń dì í. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ni kó wà lábẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan. Kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ èyí tó ní ike nínú, tí jìgìjìgì ò lè tú. Ẹ tún fi bẹ́líìtì de fíríìjì fúnra rẹ̀ mọ́ slide. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú. Wáyà iná fíríìjì kó nípọn, kó wá tààrà láti bátìrì, kí fíúùsì sún mọ́ bátìrì. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n tí bóòtì ò bá gba ilẹ̀ kọjá, ibi gbogbo lè tẹ́jú, ọjọ́ kan ni yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rù ihò tó bà mí? Ihò mẹ́rin tí wẹ́dà kan bá mi lù ò ju àtàǹpàkò lọ, ó kun etí wọn ní gọ́ọ̀mù kí omi má wọlé. Kò gbà wá ju ọ̀sán kan lọ.

Sátidé tó kọjá, a tún gbé oúnjẹ jáde. Mo fa slide dé òpin, Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ́, ó fi gbogbo ara rẹ̀ lé e, ó tún lọ yọjú wo inú lọ́hùn-ún kó tó ṣí ọmọrí. Kò sọ nǹkan kan. Táíwò ní tirẹ̀ ò sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ló dúró sí pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, títí ìyá rẹ̀ fi pè é.