Màmá mi ò lè gun jíìpù: bí mo ṣe ra mọ́tò ńlá tí gbogbo ilé wa ń wọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó tó ẹni mẹ́fà tó ti pè mí lóṣù yìí pé báwo ni mo ṣe rí mọ́tò tí mò ń gùn rà, ṣé káwọn ra tòkunbọ̀ ni àbí èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí àlàyé kan náà ti sú mi í ṣe. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Marina, ilé mi wà ní Ògùdù, afárá Third Mainland sì ni ọ̀nà mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 12, ibi tó jẹ́ pé tí mọ́tò bá dá sílẹ̀ níbẹ̀, omi ló wà lápá ọ̀tún, gó-siló ló wà lẹ́yìn.

Èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì àti màmá mi, àwa márùn-ún la máa ń jọ jáde. Gbogbo ayé ló ń sọ pé kí n ra jíìpù, pé Èkó yìí, tí òjò bá ti rọ̀, jíìpù ló ń la omi já. Òótọ́ ni. Àmọ́ orúnkún ń dun màmá. Ẹ wá wò wọ́n níwájú jíìpù ẹ̀gbọ́n mi: ẹsẹ̀ ọ̀tún ò dókè, ẹsẹ̀ òsì ò lè gbé wọn dúró, ọmọ kan á fa ọwọ́, èmi á máa ti ẹ̀yìn, ìró á fẹ́ tú, ojú á sì máa tì wọ́n torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wò. Lọ́jọ́ kan wọ́n bínú, wọ́n ní "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, màá wọ kẹ̀kẹ́." Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mọ́tò tó lọ sílẹ̀, tó sì gùn, ni mo máa wá.

Ọdún 2019 ni mo ra ti àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ mọ́tò náà, mi ò sì ní dárúkọ yáàdì tí mo ti rà á. Tòkunbọ̀ ni. Ó ń dán, inú ẹ̀ ń ta sánsán, wọ́n kọ "buy and drive" sí i lára, bọ̀bọ́ tó ń tà á ní "Ẹ̀gbọ́n, first body ni o, éésì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pa yín", ó ṣí ilẹ̀kùn, otútù kọ lù mí lójú nínú oòrùn ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á tán nínú ọkàn mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Kí n tó dé ló ti tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ro ìyẹn sí nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. À ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Island lọ́jọ́ Sátidé, a ti wà lórí Third Mainland, gíà bá kọ̀. Mò ń tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì ń ké, mọ́tò ò kúrò lójú kan. Màmá ti wọ aṣọ ẹbí tòun ti gèlè, àwọn ọmọ ń làágùn, àwọn onídánfó ń kọjá, wọ́n ń pariwo pé "Ọ̀gá, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ jọ̀ọ́!" bíi pé èmi ni mo yàn án láti gbé e síbẹ̀. Àwọn tó wá fà wá sọ̀ kalẹ̀ gba owó kan, mi ò ní sọ iye ẹ̀ torí ìyàwó mi lè ka èyí. Mo pe bọ̀bọ́ yẹn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ tiẹ̀ gbàdúrà sí mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó máa wà á?"

Bàbá mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní Ọjọ́ta ò kọ́kọ́ ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì rárá. Wọ́n wọlé sẹ́yìn, wọ́n fa bẹ́líìtì ìjókòó títí tó fi fà tán, wọ́n ní kí n wá wò ó. Ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ìlà ẹrẹ̀ wà lára bẹ́líìtì bí ìgbà tí omi àgbàrá bá fà tó fi àmì sára ògiri. Wọ́n ní "Ọmọ mi, mọ́tò yìí ti wẹ odò." Wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì, irin ìdí ìjókòó ti dípẹtà, a sì wá mọ ohun tí lọ́fínńdà yẹn wà fún.

Ìgbà yẹn ni mo tó lóye ẹ̀. Tí ìjì ńlá bá jà l'Amẹ́ríkà, irú Katrina lọ́dún 2005, Sandy lọ́dún 2012, Harvey lọ́dún 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò ló ń wọnú omi, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á wá kó mọ́tò lọ ta ní gbàǹjo. Ẹni tó bá rà á lè fọ̀ ọ́, kó gbé e wá síbí. Omi yẹn kì í sì í pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀, ìpẹtà ló máa ń wọ inú wáyà àti ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà lo máa wá rí i pé gíà ò gbọ́ràn mọ́, gíláàsì ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan o, mọ́tò tó ti gbé Lekki, níbi tí omi òjò ti máa ń kún ọ̀nà, lọ́dún bíi mélòó kan, ẹ fa bẹ́líìtì ìyẹn náà wò.

Ohun kejì tí bàbá mẹkáníìkì fi hàn mí ni síkánà, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 wá ló ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kì í bọ̀, á sì ka àìsàn tó ń ṣe mọ́tò. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìréṣà: ẹni tó ń tajà lè pa gbogbo kóòdù tó ń dárúkọ àìsàn yẹn rẹ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé, iná "check engine" á kú, ojú á mọ́ kedere. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìréṣà yẹn ń fi ipa sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ní àwọn àyẹ̀wò tó ń ṣe fúnra ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ṣe ń wà á, tí wọ́n bá ti pa kóòdù rẹ́, tàbí tí wọ́n tú bátìrì, àwọn àyẹ̀wò yẹn á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, síkánà á kọ "not ready" sí wọn, ó sì máa gba kẹ́ ẹ wà á fún ìgbà díẹ̀ kó tó kúrò. Tí mọ́tò bá ní òun ò ní kóòdù kankan, tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀ sì jẹ́ "not ready", ẹ dágbére fún wọn.

Mo ta mọ́tò yẹn fún ẹni tó ń tú u tà ní Ladipo, ọjà pátì mọ́tò. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó mi ni mo rí gbà padà. Ọdún méjì ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, mo kọ́kọ́ lọ wo tíà rọ́bà, mọ́tò tuntun tí ẹnì kankan ò tíì lò, ní Victoria Island. Mo mu omi tútù tí wọ́n fún mi, mo kí wọn, mo lọ sílé. Ẹni tó bá lówó ẹ̀ kó rà á, kò sí ohun tó dà bíi kéèyàn fúnra ẹ̀ ya rọ́bà lára ìjókòó.

Mo wá lọ ká àwọn yáàdì mọ́tò ọwọ́ Berger ní ojú ọ̀nà Apapa sí Oshodi, mo sì ń ka nǹkan lórí àwọn mọ́tò. Kámúrì 2007 sí 2011 tí a ń pè ní Muscle, ó dáa, pátì ẹ̀ wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì 2.4 inú ti 2007 sí 2009 lórúkọ fún mímu ọ́ìlì, débi pé Toyota fúnra wọn fún àwọn tó ni ín l'Amẹ́ríkà ní àfikún wáráńtì lórí ẹ̀. Láti 2010 ni ẹ́ńjìnì 2.5 ti wọ inú ẹ̀, tówó yín bá ká a, ìyẹn ni kẹ́ ẹ lé. Honda Accord 2008 tí a sọ ní Evil Spirit fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kà á mọ́ mọ́tò ńlá. End of Discussion, ìyẹn Accord tó ṣáájú ẹ̀, ní tiẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n pàrọ̀ éábáàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe sínú wọn torí ó lè bú gbàù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é l'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì ṣe é kí mọ́tò tó wọkọ̀ ojú omi wá síbí. Ẹ tẹ VIN ẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, sórí sáìtì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, wọn ò gba kọ́bọ̀, á sọ fún yín. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni VIN, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún mọ́tò: 8 ni 2008, A ni 2010. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ wò ó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ wò ó lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọra. Bọ̀bọ́ kan ń pe 2006 ní 2008 fún mi lójúkojú, VIN ló jẹ́ ká mọ̀.

Níkẹyìn, mi ò ra a ní yáàdì. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa fẹ́ ta Toyota Avalon 2008 wọn, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lálẹ́ mọ́. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á ní 2014, ó ti pé ọdún méje lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà ṣe, pé ọ̀nà wa ti jẹ ẹ́ tán. Mo débẹ̀, bàbá mú ìwé ẹ̀sásáìsì kan jáde, ìwé ọmọ iléèwé lásán, gbogbo ọ́ìlì tí wọ́n yí, gbogbo pátì tí wọ́n pàrọ̀, ọjọ́ àti máìlì ẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ìwọ ńkọ́, ṣé o máa ń yí ọ́ìlì lásìkò, àbí ọ̀kan lára àwọn tó ń dà á lé orí ẹ̀ ni ẹ́?" Mo ní "Bàbá, màá máa yí i." Ìwé yẹn gan-an ni mo rà, wọ́n kàn fi mọ́tò sí i ni.

Síbẹ̀, mo gbé bàbá mẹkáníìkì lọ láago méje àárọ̀, ẹ́ńjìnì tutù bí ìkòkò àná. Wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó ní kí n tan án, torí ẹ́ńjìnì tó tutù kì í purọ́: èéfín, ariwo ṣéènì, gíà tó ń pẹ́ kó tó wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń fara hàn. Rọ́bà kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnì Avalon, V6 3.5 onísílíńdà mẹ́fà, tó ń gbé ọ́ìlì, ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ lè bẹ́ kí ọ́ìlì dà tán lójú ọ̀nà, Toyota padà fi páìpù irin rọ́pò ẹ̀. Tiwa ti jẹ́ irin, ó tiẹ̀ wà nínú ìwé bàbá.

Lọ́jọ́ kejì ni mo kó gbogbo ilé lọ, ohun tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn Avalon tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè àárín yẹn tó máa ń lé orúnkún ọmọ dé àgbọ̀n. Màmá kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, wọ́n wá yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní "Hùn-ún." Tẹ́ ẹ bá mọ màmá mi, owó ti jáde nìyẹn.

Kí n má parọ́ fún yín, epo. Tánkì ẹ̀ gba lítà 70. Nígbà tí lítà jẹ́ bíi náírà 185, 12,950 ló ń kún un. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lópin May 2023, epo di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan, tánkì kan náà di 34,160, kò sì dúró síbẹ̀. V6 nínú gó-siló Ọ̀wọ́rọ̀ kì í ṣeré. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ni mò ń wọ lọ Marina báyìí, Avalon wà fún iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti Ìbàdàn. Ká ní òní ni mo fẹ́ rà, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin ni màá lọ fún, màá sì bẹ màmá.

Ẹ má náwó yín tán sórí mọ́tò o. Ti èmi, láàárín oṣù méjì, mo ti pàrọ̀ ṣọ́ọ̀kù iwájú àti control arm, irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ mọ́tò, ní Ladipo, mo yí orúkọ sí tèmi, mo ra táyà mẹ́rin. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tà fún mi ń dán, mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára ẹ̀, 3214: ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2014. Mo dá a padà fún fọkanáísà, ó rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá látẹnu géètì yáàdì kan, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti rí i, Muscle 2010, éésì ẹ̀ ń gan èèyàn. Mo ní kó fọwọ́ kan bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó gbóná, wọ́n ti tan án dè òun. Mo ní kó máa bọ̀ nílé wá jẹun, kó padà lọ lọ́la láago méje, kó má sì pè wọ́n tẹ́lẹ̀.