Òtílì ló bá mi dá àgbàrá dúró

Ọ̀nà Òde-Rẹ́mọ ni oko mi wà, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbà á, mo ṣán an, mo sun ún títí kò fi ku ewé kan nílẹ̀, inú mi sì ń dùn pé oko mi mọ́. Àwọn alágbàṣe kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀, bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Òjò ńlá méjì péré ni. Àgbàrá gba inú poro, ó kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú lọ sódò, ó fi yanrìn sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀gẹ́ tí mo hú lẹ́yìn náà kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn tó ń yan gààrí ò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Bàbá tí oko wa jọ pààlà wò ó títí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ìhòòhò lo fi ilẹ̀ sí. Ta ló ń dúró sínú òjò láìwọṣọ?"

Ebè dídábùú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́, kó nà bo ilẹ̀ kí òjò tó le. Ṣùgbọ́n òtílì, irú ẹ̀wà kan tó ń ga bí igi kékeré, ni ọ̀gá wọn. Ìlà-ìlà ni mo gbìn ín dábùú oko. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń jìn, kókó wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀ tí kòkòrò àìfojúrí inú wọn ń fa náítírójìn, èròjà tó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, láti inú afẹ́fẹ́ sílò. Mò ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀; abẹ́ ibẹ̀ ni mo ti tún rí ekòló. Ẹ má gbìn ín mọ́ ẹ̀gẹ́ pẹ́kípẹ́kí o, òjìji rẹ̀ pa ìlà kan fún mi.

Àlejò ni mi ò retí. Bí òtílì ṣe yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, oyin dé. Àparò wá ń yé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣa ikán jẹ. Wọ́n ń hú àgbàdo tuntun náà jẹ, ìdí nìyẹn tí àgbàdo mi fi jìnnà síbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n dẹ pàkúté. Mi ò tíì gbà.

Eèsún tí mo gbìn sétí odò, ìyẹn ni mo kábàámọ̀. Ó dá ilẹ̀ dúró lóòótọ́, àmọ́ ọ̀yà sọ ọ́ di ilé, wọ́n ń tibẹ̀ wá jẹ ẹ̀gẹ́ mi lóru. Mo ti hú u, mo fi òtílì rọ́pò rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kórè tiyín, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kẹ́ ẹ tó sè é. Òtílì gbígbẹ ò mọ̀ pé ebi ń pani.